Igi Mọ́kànlá Tí Mo Ṣì Wọ̀n

Ní ilé wa ní Ìpọ̀nrí, okùn ìwọ̀n ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó mọ bírò mú. Onígẹdú ni bàbá mi. Láràárọ̀, wọ́n á gba Costain, wọ́n á forí lé Òkò Bàbà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, níbi tí ìtì igi ti máa ń léfòó lórí ọ̀sà bí agbo màlúù tó ń wẹ̀. Ẹni tó bá ti gba Third Mainland Bridge rí mọ èéfín ibẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó bọ́ lára pákó ni wọ́n ń sun. Bí bàbá mi bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, òórùn igi tútù ló máa ń ṣáájú wọn wọlé. Owó iléèwé tí mo ń san ní ẹ̀ka wa yìí, ara igi ló ti ń wá. Kò sí bí mo ṣe lè fi bò fún yín.

Nítorí náà, nígbà tí arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ igbó wá sí ẹ̀ka wa, tó ní òun ń wá ẹni tó lè bá òun kọ orúkọ igi ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kíá ni mo nawọ́. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni, nínú Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Igbó ọba ni láti 1925, àjọ UNESCO sì fi kún àwọn igbó tí wọ́n ń dáàbò bò káàkiri àgbáyé ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. (Mi ò rí i o. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni mo rí.) Iṣẹ́ mi ò le lójú mi. Bí bàbá ọdẹ tó ń mú wa rìn bá pe orúkọ igi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì bá wọn fi okùn yí igi náà ká.

Kábọ́nù ni wọ́n ń wá. Ewé máa ń fa afẹ́fẹ́ CO2 mọ́ra, agbára oòrùn á ràn án lọ́wọ́, igi á sì sọ kábọ́nù inú rẹ̀ di èèpo, ẹ̀ka àti gbòǹgbò. Bí a bá fẹ́ mọ iye tó ti kó pamọ́, a ò lè gbé igi sórí òṣùwọ̀n, a ò sì fẹ́ gé e. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: bó ṣe tóbi tó ní ìwọ̀n 1.3 mítà sókè ilẹ̀, níbi àyà èèyàn. Bó ṣe ga tó. Àti bí igi náà ṣe wúwo tó nínú ara rẹ̀. Ìlànà tí ọ̀gá wa lò ni èyí tí Jérôme Chave àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014. Igi tó lé ní 4,000 tí àwọn kan ti gé tí wọ́n sì ti wọ̀n ṣáájú ni wọ́n gbé e kà.

Níbi ìwúwo yẹn ni orúkọ ti wúlò. Arère fúyẹ́, òpèpè wúwo. Bí méjèèjì bá tóbi bákan náà tí wọ́n sì ga bákan náà, kábọ́nù inú òpèpè lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arère. Ẹni tó bá pe ọ̀kan ní èkejì ti ba ìṣirò jẹ́ nìyẹn. Bí bàbá ọdẹ bá ní "afárá," ọ̀gá wa á dá a dúró: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, dúdú ni àbí funfun?" Igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì nínú ìwé wọn. Ti ayìnre ló wá mú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, nítorí igi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bàbá ní, "Ayìnre ni gbogbo wọn. Ọmọ ìyá ni wọ́n." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a máa ń jiyàn lórí orúkọ ní kíláàsì, mi ò rí ibi tí orúkọ ti ná èèyàn lówó tó báyìí rí.

Ọjọ́ kejì ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Ọ̀gá wa àti ẹni tó ń wọn gíga igi lọ sí apá kejì, wọ́n fi okùn sílẹ̀ fún mi. Àwọn arère ńláńlá wà níbẹ̀, tí gbòǹgbò wọn dìde láti ilẹ̀ bí ògiri pẹlẹbẹ yí ìdí wọn ká, tó ga ju orí mi lọ. Mo fi okùn yí gbogbo rẹ̀ ká níbi àyà mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo bọ́ sí òmíràn. Igi mọ́kànlá. Ọ̀gá wa ti sọ ọ́ fún mi nínú ọkọ̀ pé irú igi bẹ́ẹ̀, àkàbà la fi ń gùn ún, ibi tí gbòǹgbò náà parí sí, kí á tún fi ààbọ̀ mítà lé e, ibẹ̀ ni kí á ti wọ̀n ọ́n. Bọ̀ọ̀lì ni mo ń jẹ nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ló rí i. Mo ti dé ilé, mo ń da ìwé náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wò ó.

"Arère wo ló yí ká tó mítà mẹ́rin àti méje?"

Mo ní ó wà nínú igbó, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n.

"Ìdí rẹ̀ lo wọ̀n. Ta ló ń ra ìdí?"

Wọ́n ní kò sí agégẹdú tó máa fi ayùn sí ibẹ̀. Wọ́n bi mí bó ṣe ga tó, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní kò ní ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ lókè. Mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo ṣe kọ ọ́, igi yẹn á wúwo tó tọ́ọ̀nù 13 lẹ́yìn tí a bá yọ omi kúrò. Bí bàbá mi ṣe wí, ó fi díẹ̀ lé ní 5. Ẹ fi 0.47 sọ ọ́ di púpọ̀, kábọ́nù inú rẹ̀ nìyẹn. Àṣìṣe orí igi kan ṣoṣo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin kábọ́nù.

Ó lè dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní 2020, Wannes Hubau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature ohun tí wọ́n rí ní ojú ilẹ̀ 244 tí wọ́n ti ń wọ̀n léraléra nínú igbó orílẹ̀-èdè 11 ní Áfíríkà. Nǹkan bíi 0.66 tọ́ọ̀nù kábọ́nù ni hẹ́kítà kan ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dún. Ojú ilẹ̀ tiwa, hẹ́kítà kan ni. Igi kan tí mo ṣì wọ̀n ti bo iṣẹ́ tí hẹ́kítà náà ń fi ọdún márùn-ún ṣe mọ́lẹ̀. Mọ́kànlá ni mo sì wọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé e mì. Ọ̀gá wa ti fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, owó iṣẹ́ mi sì ti wọlé. Mo fẹ́ fi orí ara mi dín iye náà kù, mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí igi kẹta. Àmọ́ bí mo bá ti fẹ́ tẹ nọ́ńbà, ohùn bàbá mi ni mo máa ń gbọ́: ta ló ń ra ìdí? Mo pè é lórí fóònù. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já. Ó wá ní, "O wá àkàbà. Owó ọkọ̀ tìẹ nìyẹn." Inú owó iṣẹ́ náà ni mo ti yọ ọ́. Mo wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ní Ọjọ́tà ní ìdájí ọjọ́ Sátidé.

Mẹ́wàá nínú wọn la tún wọ̀n. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lórí àkàbà. Nígbà tí a dé ibi ìkọkànlá, kùkùté la bá. Wọ́n gé e lókè gbòǹgbò, bí bàbá mi ṣe sọ gan-an, wọ́n sì gbé ìtì rẹ̀ lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, ewé rẹ̀ kò tíì gbẹ tán.

Ní Bellefoungou, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Benin, àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ sórí òpó gíga tó ń wọn CO2 tó ń wọ igbó àti èyí tó ń jáde, ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwa ò ní òpó. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn ẹ̀ka yẹn á jẹrà, èyí tó pọ̀ nínú kábọ́nù wọn á sì padà sínú afẹ́fẹ́. Pákó rẹ̀ lè lo ogójì ọdún lórí òrùlé ẹnì kan kí ó tó tú tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, ọjọ́ kan péré, bí wọ́n bá dáná sí i. Ọ̀gá wa ní kí n kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé: a ti gé e.

Mo sọ fún bàbá mi nígbà tí mo dé. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n kó ẹ̀ka rẹ̀. Mo ní wọn ò kó o. Wọ́n pòṣé, wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi nǹkan ṣòfò.

Mo bi wọ́n bóyá èèyàn lè wo ìtì kan lórí ọ̀sà kó mọ igbó tó ti wá. Wọ́n ní èyí tó bá ní ìwé, àmì òòlù ìjọba máa ń wà lára rẹ̀.

"Èyí tí kò ní ńkọ́, sà?"

Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbọn lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ dànù lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n lọ gbé omi ìwẹ̀ wọn sínú balùwẹ̀.