Ẹyẹ Ìsọlọ̀, Orúkọ Látìn

Nígbà tí àwa wà ní kékeré ní Ìsọlọ̀ l'Ékòó, ẹni tó bá fẹ́ rí lékeléke kò ní rìn jìnnà. Àbàtà wà lápá Òkè-Àfà, koríko tutù wà níbẹ̀, àwọn Fúlàní a sì máa da màlúù gba ibẹ̀ kọjá. Lékeléke a tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí màlúù jẹ lówó. Màlúù á gbẹ́sẹ̀, tata á ta pọ́ún, ẹyẹ á ṣà á mì. Tí wọ́n bá wá gbéra nírọ̀lẹ́, àwa ọmọdé á na èékánná sókè, a ó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ta wá ní funfun. Ẹni tó bá jí bá àmì funfun lórí èékánná tirẹ̀, gbogbo wa á tò tẹ̀ lé e kiri.

Bubulcus ibis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Látìn ni Bubulcus. Ẹni tó ń da màlúù ló túmọ̀ sí. Ojú ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ríran. Lónìí, wọ́n ti da iyanrìn dí àbàtà, ilé ti gba gbogbo ilẹ̀, ọ̀rá àti ike ló kún kánààlì ibẹ̀. Lékeléke kan tàbí méjì ṣì ń dúró létí omi dúdú yẹn, kò sì sí màlúù tí wọn yóò dà.

Ọ̀rọ̀ igún ló dùn mí jù. Lẹ́yìn ọjà, nídìí àkìtàn, níbi tí wọ́n bá ti ń pa ẹran, kò dìgbà tí a bá wá a kiri nígbà náà. Monachus ló wà nínú orúkọ Látìn tirẹ̀, ìyẹn àwọn ọkùnrin ìjọ Àgùdà tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àdúrà àti ààwẹ̀, nítorí irun múlọ́múlọ́ tó dé e lẹ́yìn orí bí aṣọ wọn. (Ẹni tó bá ti rí igún nídìí ìfun màlúù mọ̀ pé kò sí ààwẹ̀ níbẹ̀.) Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Wọ́n ń pa á báyìí: májèlé ń mú un lọ, wọ́n sì ń ta orí rẹ̀ fún oògùn. Láti 2015 ni IUCN, àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kó run.

Àwòdì, Milvus migrans, ìyẹn arìnrìn-àjò, ṣì ń yọjú lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Òròmọdìyẹ ni kò bá mọ́. Eku àkìtàn ló ń gbé.

Bàálù ló gba ojú ọ̀run lọ́wọ́ wọn, láti oṣù Kẹta 1979 tí wọ́n ti ṣí ilé èrò tuntun ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed nítòsí wa. Aviation ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ bàálù. Ará Faransé kan, Gabriel de La Landelle, ló hun ọ̀rọ̀ náà ní 1863 láti ara avis, tí í ṣe ẹyẹ ní Látìn. Ní pápákọ̀ yẹn kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lé ẹyẹ, kó má baà kó sínú ẹ́ńjìnì.