Kọ̀ǹpútà Àgbà Kan ní Basin

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí a kó iṣẹ́ àṣekágbá wa sílẹ̀ nígbà tí láptọ́ọ̀pù kejì bàjẹ́. Ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ ṣáájú, owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwa mẹ́ta là ń gbé inú yàrá kan ní Basin, ní Ìlọrin níbí, iṣẹ́ kan náà la sì jọ ń ṣe: ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá wò bóyá àmì orí àti àmì ìdí rẹ̀ pé. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló kù. Bí ẹnì kan bá ti jókòó sídìí rẹ̀, àwọn méjì yòókù á máa wo ọrùn rẹ̀ látẹ̀yìn. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ìjà.

Bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́nà Tanke ló gbà wá. PC àtijọ́ kan wà ní ìsọ̀ rẹ̀: Pentium 4, Windows XP, RAM 512MB. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ ẹ má retí pé ó máa sáré o." A ní, "Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá." A fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e délé, a fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, a tàn án. Ó tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Python tí à ń lò kò gbà láti wọlé sórí rẹ̀, nítorí Python 3.4 ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó lè ṣiṣẹ́ lórí XP.

Kí la wá fẹ́ fi ṣe? Ẹnì kan nínú wa ló rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ọdún kejì. Nígbà kan rí, kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò pọ̀. Ohun tó wà níwájú oníkálukú kì í ṣe kọ̀ǹpútà, ojú àti bọ́tìnnì ìtẹ̀wé lásán ni, bíi VT100 tí iléeṣẹ́ DEC gbé jáde ní 1978, tó ń fi ìlà 24 hàn, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń gba lẹ́tà 80. Ètò bíi PuTTY ń sọ PC di irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni. Bí láptọ́ọ̀pù wa bá di kọ̀ǹpútà ńlá, tí PC àgbà di ojú rẹ̀ kejì, ẹni méjì á lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

A fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so àwọn méjèèjì pọ̀ tààrà. Wọn ò rí ara wọn. Ìgbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò la rí i pé PC ti fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ohun tí Windows máa ń ṣe nìyẹn bí kò bá sí ẹni tó fún un ní àdírẹ́sì. A fún láptọ́ọ̀pù ní 192.168.10.1, a fún PC ní 192.168.10.2, a fi 255.255.255.0 sí àwọn méjèèjì. A tẹ ping, èsì dé. A pariwo débi pé aládùúgbò wa kanlẹ̀kùn.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. PuTTY 0.60, ti ọdún 2007, ló wà lórí PC. Láptọ́ọ̀pù wa kọ̀ ọ́, ó ní ọ̀nà ìpamọ́ àwọn kò bára mu. Ẹni tó rẹ̀ jù nínú wa ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú lo Telnet." A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù yẹn náà wà lórí Wi-Fi tí gbogbo yàrá inú ọgbà wa jọ ń lò, ìhòòhò sì ni Telnet máa ń fi password rán. Torí irú ẹ̀ gan-an ni Tatu Ylönen ṣe ṣẹ̀dá SSH ní 1995, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti ń jí password kó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì rẹ̀. A wá PuTTY 0.70 ti ọdún 2017, a fi fláàṣì gbé e wọlé. Ó gbà.

A ṣí fáìlì ọ̀rọ̀ wa, ọkàn wa sì já. Gbogbo "ẹ" ti di "áº¹". "Ṣ" kékeré di "á¹£", bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sanwó pọ́n-ún fún wa. A rò pé iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Báìtì mẹ́ta ni UTF-8 fi ń kọ "ẹ" kan. Ètò tí a ti fi pamọ́ láti inú PuTTY àtijọ́ sì ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. A lọ sí Window, lẹ́yìn náà Translation, a yan UTF-8, a sì tún un fi pamọ́. "Ẹ" àti "ọ" padà bọ̀ sípò, àmọ́ àpótí òfìfo ló wà níbi tí "ṣ" yẹ kó wà. Àwọn ará Vietnam náà ń kọ "ẹ" àti "ọ", wọn kì í kọ "ṣ". Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì yẹn rántí wọn, kò rántí wa. A gbé DejaVu Sans Mono sí i, àpótí òfìfo sì di "ṣ".

Láti ọjọ́ yẹn, ẹni méjì ń ṣiṣẹ́, ẹnì kẹta ń sùn de ìpín tirẹ̀. Bí iná bá lọ, PC á kú lójijì, ṣùgbọ́n bátìrì wà nínú láptọ́ọ̀pù, tmux sì ń tọ́jú iṣẹ́ síbẹ̀. Bí iná bá ti dé, a ó tẹ "tmux attach", a ó sì bá gbólóhùn tí a kọ dé àárín níbi tí a fi í sí. A kó iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ dá PC padà, bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ṣì wà lórí tábìlì wa ní Basin. A ti kọ àdírẹ́sì méjèèjì sórí bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá kàn má baà jìyà tí a jẹ.