Ẹnu Ni Mo Fi Ń To Ogun

Iṣẹ́ olùdarí eré ni mo ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á di ẹnìkan nínú ìtàn: jagunjagun, oṣó, olè, àlùfáà. Èmi ni mò ń sọ ohun tí ojú wọn rí fún wọn, èmi náà ni mò ń fi ẹnu gbogbo ọ̀tá sọ̀rọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó, dáìsì la máa jù. Dungeons & Dragons ni àgbà eré ọ̀hún, àwọn àbúrò rẹ̀ sì pọ̀. Bí ìjà bá dé, ọ̀pọ̀ olùdarí á tẹ́ máàpù onílà sórí tábìlì, wọ́n á to ọmọlangidi kéékèèké sí i. Èmi kì í tẹ́ ẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń rò pé máàpù onílà ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ọgbọ́n àdábọwọ́ ni tèmi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́, inú eré ogun ni eré wa ti jáde wá. Gary Gygax àti Jeff Perren ṣe Chainmail ní 1971, ọmọlangidi ni wọ́n sì fi ń jà á. Nígbà tí Gygax àti Dave Arneson gbé D&D jáde ní 1974, íǹṣì ni wọ́n ṣì fi ń wọn ìrìn: íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá nínú ilé, ó di yáàdì mẹ́wàá ní ìta gbangba. Àmọ́ ní tábìlì púpọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń gbé ìjà náà. Olùdarí á ṣàpèjúwe yàrá, ẹnìkan nínú àwọn eléré á máa yà á sínú ìwé, ẹlòmíì á máa gbẹnu sọ fún gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti wà ní kíkọ sílẹ̀, nítorí náà bí ọ̀tá bá yọ, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó máa kọ́kọ́ bá a pàdé. Ìwé olùdarí ti 1979 tilẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ta ọfà sáàárín àwọn tó ti wọ̀yá ìjà kò lè yan ẹni tí ọfà náà máa bà. Dáìsì ni yóò yàn án, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì lè fara gbá a. Mo fẹ́ràn òfin yẹn dọ́kàn. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé àwọn tó ń jà kì í dúró sójú kan bí òpó.

Kí ìwé yẹn tó jáde pàápàá, ẹlòmíì ti rí i pé ọ̀nà mìíràn tún wà. Nínú eré Traveller, tí Marc Miller ṣe ní 1977, ìpele márùn-ún péré ni wọ́n pín jíjìnnà sí, láti ibi tí ẹ ti fara kan ara yín títí dé ọ̀nà jíjìn réré. Ìwé onílà tí ọmọ iléèwé ń lò ti tó láti fi ṣe é.

Ìgbà tó yá ni máàpù wá gorí àlééfà. D&D ti 2000 ti ń fà á mọ́ra; èyí tó jáde ní 2008 wá fi ilé onígun mẹ́rin orí máàpù wọn ohun gbogbo, débi pé àtilò ó láìsí máàpù di ìyà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Jonathan Tweet ló ṣáájú àwọn tó ṣe ti 2000, Rob Heinsoo ló ṣáájú àwọn tó ṣe ti 2008. Àwọn méjèèjì para pọ̀ ní 2013, wọ́n ṣe 13th Age, wọ́n sì yọ ilé onígun mẹ́rin kúrò pátápátá. Ìwọ àti ọ̀tá ti gbá ara yín mú, tàbí ó wà nítòsí, tàbí ó jìnnà. Ó parí. Nínú gbogbo àwíjàre tí mo mọ̀, kò sí èyí tó lágbára tó o.

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìbàdàn, tí Ernest Okonkwo bá ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, a mọ ibi tí agbábọ́ọ̀lù Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà. Kì í ṣe mítà la fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lé e, ẹ̀gbẹ́ pápá tó wà, àti àlàfo tó ṣí níwájú rẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn. Bó bá ti kan eléré kan, kí ó tó lanu, mo ti sọ ẹni tó wà lára rẹ̀ fún un, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, àti ohun tó lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí nǹkan kò bá dá èmi fúnra mi lójú, eléré ni mo máa ń dá láre.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìjà kan. Afárá igi ni, iwin kéékèèké tí à ń pè ní goblin, mẹ́rin wà lórí rẹ̀, tafàtafà méjì wà ní òdìkejì. Jagunjagun wa ti wọ̀yá ìjà pẹ̀lú goblin iwájú. Oṣó, ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí ní Peckham, bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni bọ́ọ̀lù iná mi lè kó?” Ìwé olùdarí ti 2014 ní ìṣirò fún èyí: ogún ẹsẹ̀ bàtà láti àárín iná dé etí rẹ̀, pín in sí márùn-ún, ó di mẹ́rin. Mo ní, “Bó o bá jù ú sẹ́yìn, wàá kó mẹ́ta lórí afárá àti tafàtafà kan, ti iwájú á bọ́. Bó o bá fẹ́ kó gbogbo mẹ́rin orí afárá, ọ̀rẹ́ rẹ á jó mọ́ wọn.” Ó ronú títí, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní igi ni afárá yẹn, àbí?” Gbogbo tábìlì pariwo. Afárá ló dáná sun, odò sì gbé wọn lọ. Lórí máàpù, ilé onígun mẹ́rin ni ì bá máa kà.

Àwọn kan wà tí wọn kì í rí àwòrán kankan lójú inú, bó ti wù kí n ṣàpèjúwe tó. Fún irú wọn, mo máa ń to kọ́ìnì sórí tábìlì, èyí tó fara kan ara ń jà, èyí tó dá wà kò ì tí ì dé ibẹ̀. Bí ọ̀tá bá sì ju mẹ́wàá lọ, gbogbo wa la máa ń lò ó.