Okùn Pupa Inú Balùwẹ̀ Àǹtí

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
Oṣù Kọkànlá, 2025

Bọ̀ọ̀dá mi,

Mo gúnlẹ̀ láyọ̀, ẹrù mi pé, ẹ̀lúbọ́ ò dànù. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ tí mo dé gan-an ni mo ti da oorun ará ibí rú.

Ilé tí Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù ń gbé báyìí, ilé àgbàlagbà ni, ti káńsù. Kálukú ló ní yàrá, ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ìta kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará ibí kì í sábà fi bọ́tìnnì iná sínú balùwẹ̀ nítorí omi; okùn ni wọ́n ń so rọ̀ láti àjà, èèyàn á fà á kí iná tó tàn. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìtọ̀ gbọ̀n mí. Mo wọ balùwẹ̀ nínú òkùnkùn, mo ń táràrà, ọwọ́ mi bá okùn, mo fà á. Iná ò tàn. Mo tún fà á. Ni ohùn obìnrin kan bá jáde lára ògiri, ó pe Àǹtí lórúkọ, ó ní ṣé kò sí o.

Mo ké Jésù! Àǹtí ti pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sọ̀rọ̀ sí ògiri lédè Gẹ̀ẹ́sì pé àlejò ni, kí wọ́n máà bínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọjú sí èmi ní Yorùbá: “Funfun ni ti iná! Pupa ni ti ikú!”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wo okùn pupa náà dáadáa. Ó gùn láti àjà títí dé bèbè ilẹ̀. Wọ́n so rọ́bà pupa onígun mẹ́ta méjì mọ́ ọn: ọ̀kan wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lè tó o, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ sí táìsì. Ẹni tó ro ìyẹn ronú jinlẹ̀. Ẹni tí okùn yìí wà fún, ó ṣeé ṣe kó ti wà nílẹ̀ kó tó nílò rẹ̀.

Ìdáná ni mo wọ̀ tẹ̀lé e. Okùn pupa wà níbẹ̀ náà, àmọ́ Àǹtí ti ká a, wọ́n ta á ní kókó mẹ́ta, wọ́n sì fi há ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lókè. Wọ́n ní ó ń dí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe Àǹtí nìkan o. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní ibùdókọ̀ àti ilé oúnjẹ níbí, ẹ ó rí okùn pupa tí àwọn tó ń nu ilẹ̀ ti ta ní kókó sókè, tí ẹni tó bá já bọ́ látorí kẹ̀kẹ́ arọ ò fi ní lè tó o láéláé. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Euan's Guide, káàdì ni wọ́n ń tẹ̀ jáde kí àwọn èèyàn máa fi kọ́ irú okùn bẹ́ẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta á mọ́. Mo ní kí Àǹtí tú tiwọn. Wọ́n ní àwọn á tú u.

Ibi tí mo fẹ́ kọ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sétí Màmá.

Ní oṣù Kẹta, Àǹtí ṣubú nínú ìdáná yẹn. Wọ́n fẹ́ bu omi, ẹsẹ̀ yọ̀, ìbàdí kọlu ilẹ̀, wọn ò lè dìde. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Okùn wà lókè pẹ̀lú kókó mẹ́ta rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Wọ́n tún ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n fún wọn láti máa fi kọ́rùn, kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ, tó jẹ́ pé títẹ̀ lásán ni èèyàn á tẹ̀ ẹ́ tí Ará Ògiri á fi dáhùn. Orúkọ tí Àǹtí fún ohùn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí igi bẹ́ẹ̀dì ni bọ́tìnnì náà wà. Wọn ò gbé e kọ́rùn rí. “Ó jọ oǹdè,” ni wọ́n wí fún mi. “Èmi tí mo ti fi nǹkan ìbílẹ̀ sílẹ̀ láti 1968, kí n wá gbé oǹdè kọ́rùn dé ṣọ́ọ̀ṣì?”

Orí ilẹ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú. Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé náà máa ń kí kálukú láti ara ògiri lójoojúmọ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀; ìgbà tó kí Àǹtí tí kò gbọ́ èsì ló fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé. Eegun ò ṣẹ́. Síbẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò ní ọsíbítù. Nọ́ọ̀sì kan ló là á yé wọn pé ìṣubú ò ṣe wọ́n tó bí ilẹ̀ ṣe ṣe wọ́n. Tí arúgbó bá sùn sórí ilẹ̀ ju wákàtí kan lọ, òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára, ẹran ara tó fi lélẹ̀ á máa kú díẹ̀díẹ̀, oró ẹran tó ń kú yẹn á sì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ ba kíndìnrín jà. Tí omi bá tún wá gbẹ lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ di méjì. Àwọn dókítà ibí ní nínú ẹni mẹ́wàá tó ti ju ọdún 65 lọ, mẹ́ta ló ń ṣubú lọ́dún. Tí wọ́n bá ti kọjá 80, ìdajì ni. A ò kúkú lè ní kí àgbà má ṣubú. Iye wákàtí tó lò nílẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń bá jà.

Mo bi Àǹtí pé kí ló dé tí wọn ò kígbe. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ jí ọmọ ọlọ́mọ lóru. Bọ̀ọ̀dá, àwọn Ará Ògiri tó ń dáhùn yẹn, iṣẹ́ òru ni wọ́n gbà wọ́n sí! Tí ìpè bá wọlé, ojú kọ̀ǹpútà wọn á gbé orúkọ ẹni náà jáde, àdírẹ́sì rẹ̀, àìsàn tó ń bá a fínra, àti àwọn tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Tí kò bá le, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n á pè. Tí wọn ò bá gbọ́ ohùn rárá, wọn ò ní rò ó pé àṣìṣe ni. Wọ́n á rán èèyàn.

Bàbá ará Jàmáíkà kan ń gbé nísàlẹ̀ tí etí wọn ti di. Wọ́n pè mí wọlé wá wo tiwọn. Rọ́bà pẹrẹsẹ kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, iná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín bá gbóòórùn rẹ̀, rọ́bà yẹn á gbọ̀n, iná ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì á sì máa ṣẹ́jú. Wọ́n ní kí n gbọ́wọ́ lé e, wọ́n tẹ bọ́tìnnì ìdánwò, ọwọ́ mi gbọ̀n dé èjìká bí ẹni tó di ẹ̀rọ ìlọta mú. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi fóònù wọn hàn mí: wọ́n lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe 999, tó bá jẹ́ pé wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Inú mi dùn sí bàbá yìí ju Àǹtí lọ, kí n má parọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ bọ́ọ̀sì 177 láti Peckham lọ sí Thamesmead, lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ Àǹtí láti ìgbà tí wọ́n jọ ń nu ọ́fíìsì lóru. Ilé tara wọn ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan. Ọ̀kan nínú ìbejì wà ní Kánádà, èkejì ní Birmingham. A ò tí ì kanlẹ̀kùn tí mo fi rí àpótí irin kékeré kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí àgádágodo tó sanra. Kọ́kọ́rọ́ ilé ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣí i. Àwọn Ará Ògiri mọ nọ́ńbà náà, ìyá ará Poland tó wà lódìkejì náà mọ̀ ọ́n. Mo ní ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n? Ìyá Ìbejì ní abẹ́ ìkòkò òdòdó làwọn ń kó kọ́kọ́rọ́ sí tẹ́lẹ̀, ewo ló wá léwu jù.

Nínú fíríìjì wọn, láàárín ata lílọ̀ àti ẹ̀fọ́ tó ti dì, mo rí ìgò rọ́bà kan tó ní àmì àgbélébùú aláwọ̀ ewé. Mo rò pé oògùn ojú ni. Ìwé ló wà nínú rẹ̀: àrùn tí wọ́n ní, oògùn tí wọ́n ń lò, èyí tí ara wọn kọ̀, nọ́ńbà àwọn ọmọ. Ẹgbẹ́ Lions ló ń pín in. Wọ́n lẹ àmì kan náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìta, kí ẹni tó bá báńbúláǹsì wá mọ̀ pé kó lọ wo fíríìjì. Kí ló dé tó fi jẹ́ fíríìjì? Kò sílé tí kò ní in, kò sì sẹ́ni tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Àpótí funfun tí bọ́tìnnì ọrùn wọn ń bá sọ̀rọ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù. Lábẹ́ aṣọ tábìlì náà ni mo ti rí lẹ́tà mẹ́ta látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wọn, tí wọn ò já. Wọ́n ní àwọn rò pé ti gbájúẹ̀ ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ yọ wáyà bàbà àtijọ́ kúrò, kí gbogbo ìpè máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà àtijọ́ máa ń gbé iná tirẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, iná ilé ìbáà lọ, tẹlifóònù á ṣì dún. Tuntun yìí, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ló ti ń mu iná. Tí iná bá lọ, ó parí. Àwọn àpótí àtijọ́ mìíràn kì í tilẹ̀ bá ìlà tuntun sọ̀rọ̀ dáadáa. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 èèyàn ló ń lo irú ẹ̀rọ yìí ní ilẹ̀ yìí. Ti àwọn kan dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀, débi pé ní oṣù Kejìlá 2023 ìjọba ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà yé fipá yí ìlà àwọn èèyàn padà ná. Oṣù Kejìlá 2025 ló yẹ kí wọ́n ti parí rẹ̀ tẹ́lẹ̀; wọ́n ti sún un di oṣù Kìíní 2027.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni ti bátìrì. Ofcom, àjọ tó ń darí wọn, ní kí wọ́n fún ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti ké gbàjarè ní nǹkan tó lè gbé e fún wákàtí kan, ó kéré tán, tí iná bá lọ. Wákàtí kan! Àwa tí a ti bá NEPA sùn, tí a bá a jí, wọn ò bá ti bi wá. Ìyá tó ń ta ẹja dídì ní Lafẹnwá ò ní gbé ayé rẹ̀ lé sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán láìní ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn.

Mo bá Ìyá Ìbejì pè wọ́n. Àwọn onítẹlifóònù ní ká lọ pe àwọn oní-áláàmù. Àwọn oní-áláàmù ní ká pe àwọn onítẹlifóònù. Ọwọ́ ọ̀sán la tó rí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá yìí ní áláàmù, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìlà wọn títí wọ́n á fi gbé àpótí tuntun wá. Lẹ́yìn náà Ìyá Ìbejì wọ kóòtù, wọ́n rìn dé ìdí agbọ̀n ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé, wọ́n tẹ bọ́tìnnì ọrùn wọn. Èmi tí mo wà nínú pálọ̀ gbọ́ tí ohùn kí wọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń dán an wò bẹ́ẹ̀. Àǹtí dúró, wọ́n ń wò, wọn ò sọ̀rọ̀.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti ní kí n bá Màmá ra ọ̀kan bọ̀. Mo ti wò ó, owó rẹ̀ ò le. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dáhùn? Ní Abẹ́òkúta, ẹ lè pe 112, kò sẹ́ni tó ní orúkọ Màmá àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ẹ tún rántí bí Màmá ṣe ń tilẹ̀kùn. Aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á ti géètì irin, wọ́n á fi àgádágodo ńlá kọ́ ọ láti inú, wọ́n á ti ilẹ̀kùn onígi, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì á sì wọ abẹ́ ìrọ̀rí. Torí olè ni. Tí wọ́n bá ṣubú ní balùwẹ̀, tí wọ́n kígbe, tí gbogbo àdúgbò jí, irin la ó máa gé títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Nígbà tí ọmọ Àǹtí Bùsọ́lá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ọmọ yẹn ni bọ́tìnnì. Láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì, kò sí mọ́.

Nítorí náà, n kò tí ì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ bá mi gé kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ní ẹ̀dà méjì méjì, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ fún Ìyá Onígaàrí iwájú ilé ní ẹ̀dà kan. Màmá á bínú. Ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é. Kí ẹ sì bá mi wá ọmọ kan tí yóò máa wá sùn níbẹ̀, n ó san owó ilé-ìwé rẹ̀.

Àǹtí kí yín. Okùn ìdáná ti sọ̀ kalẹ̀ láti àná, kókó kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Bọ́tìnnì ọrùn ṣì wà lórí igi bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ mo bá a tí wọ́n fi àǹkárá kékeré kan rán àpò fún un, tí wọ́n ń wò ó nínú dígí.

Tí ẹ bá gé kọ́kọ́rọ́ náà tán, ẹ lọ dán an wò lóru, lẹ́yìn tí Màmá bá ti tilẹ̀kùn. Ẹ na ọwọ́ wọ àárín irin géètì, kí ẹ mọ̀ bóyá ó dé ibi tí àgádágodo wà. Èyí tí wọ́n gé fún mi ní Kútọ̀ nígbà kan, ó wọlé, kò yí.

Èmi ni,
Àbúrò yín