Irin Ojú Ọ̀run ní New York

Sí Bàbá àti Ìyá, ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun tí ó fa lẹ́tà yìí ni irin kan tí ó wà ní American Museum of Natural History, ìyẹn ilé ńlá tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Láti ojú ọ̀run ni irin náà ti jábọ́ sí Greenland, erékùṣù oníyìnyín tí ó wà ní ìhà àríwá ayé, ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an tó bílíọ̀nù 4.5 ọdún, èyí tí ó fi hàn pé ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà ni òun àti ayé tí a ń tẹ̀ yìí.

Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 31, débi pé àwọn òpó tí ó gbé e dúró gba abẹ́ ilé lọ kan àpáta inú ilẹ̀. Kì í ṣe irú ẹdùn àrá ojúbọ Ṣàngó, tí àwọn awalẹ̀pìtàn sọ pé àáké òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fọwọ́ gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọwọ́ ènìyàn kò sí nínú dídá èyí rárá. Síbẹ̀, láyé àtijọ́, àwọn Inuit, ìyẹn àwọn onílẹ̀ Greenland, tí wọn kò ní ẹwìrì, tí wọn kò sì ní iná tí ó lè yọ́ irin, ń fi òkúta líle lù ú ní tútù títí tí yóò fi ṣí ní pẹlẹbẹ kéékèèké, wọn a sì ki í bọ inú èèkù eegun kí ó di ọ̀bẹ. Ẹ bá ọmọ yín bi àwọn alágbẹ̀dẹ àdúgbò bóyá wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, nítorí iṣẹ́ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ògún wárí fún ni.

Nàìjíríà náà ti rí irú àlejò bẹ́ẹ̀: ní October 1962, òkúta kan tí ó tó kílò 18, tí àwọn onímọ̀ sọ pé láti Mars ni ó ti wá, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ayé tí ń yí oòrùn po, bọ́ sí Zagami ní agbègbè Katsina, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àgbẹ̀ kan nínú oko àgbàdo rẹ̀.

Ohun tí ó dun ọmọ yín jù ni bí irin Greenland ṣe dé ibi tí ó wà. Ní 1897, ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù ààfin Ìbíní, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n tí wọ́n bá Ìjẹ̀bú jà, Robert Peary, ará Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n tà á fún ilé náà ní 40,000 dọ́là. Ọkọ̀ kan náà kó Inuit mẹ́fà wá, mẹ́rin nínú wọn sì kú sí New York. Wọ́n ṣe ìsìnkú irọ́ fún Qisuk, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kú, lójú Minik, ọmọ rẹ̀ kékeré, nígbà tí eegun rẹ̀ wà nínú àkójọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà. 1993 ni wọ́n tó dá eegun àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún àwọn ènìyàn wọn láti sin. Kò sí ìwé kan lára irin náà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìtàn yìí.

Gàrí Ìjẹ̀bú ti tán pátápátá. Kí Ìyá bá ọmọ yín di èyí tí ó kan dáadáa, kí ó fi rán ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bọ̀ ní December, ṣùgbọ́n kí ó má fi ẹja sí i.

Ọmọ yín,
New York.