Ọwọ́ Wo Ló Kù Láti Fi Gbé Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí kì í ṣe ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Inú ilé tiwa gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, ojú sì kọ́kọ́ tì wá láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n a rò ó pé bí pásítọ̀ bá ń fi àléébù ilé rẹ̀ pamọ́, kí ni yóò fi kọ́ àwọn ọmọ ìjọ?

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, nígbà ìsinmi gígùn ọdún 2024, ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. A wà nínú yàrá, à ń múra ìwàásù ọjọ́ kejì sílẹ̀. Ìyàwó wa wà ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ méjì wà ní pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n: àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti ọmọ àbúrò wa obìnrin, ọmọ ọdún méje, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa láti Ọ̀yọ́. Eré ogun ni wọ́n ń wò. Jagunjagun kan wà nínú rẹ̀ tó mú idà lọ́wọ́ ọ̀tún, tó mú àáké lọ́wọ́ òsì, tó ń yí bí ìjì. Àwọn ọ̀tá ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí ẹnì kan tó ta á ní egbò.

Lójijì a gbọ́ igbe. Nígbà tí a fi máa dé pálọ̀, àbíkẹ́yìn wa dúró pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́ ọ̀tún àti ọ̀bẹ ìdáná lọ́wọ́ òsì, ẹ̀jẹ̀ sì ti bo ojú ọmọ àbúrò wa. Òkè ìpéǹpéjú ni ọ̀bẹ ti bà á. Bí ó bá fi ìwọ̀n ìka kan lọ sílẹ̀ sí i, ojú náà ìbá ti fọ́. Ọmọ wa ń gbọ̀n, ó ń wí pé, "Dádì, orógùn ni mo fi ń ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọ̀bẹ kàn án."

A gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n rán ojú egbò náà ní abẹ́rẹ́ mẹ́rin. Nígbà tí a padà délé, a fa bẹ́líìtì yọ. A di ọmọ wa mú ní ọrùn ẹ̀wù, a ń nà án, ẹnu wa kò sì dákẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ lórí àga ìwàásù ni à ń sọ sí i: aláìnírònú, ọmọ burúkú, apànìyàn. Ìyàwó wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Dádì, ẹ̀yin náà ti mú méjì o. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, àti èyí tó wà lẹ́nu yín. Èwo nínú méjèèjì lẹ mọ ibi tó ń bà á?"

Ọwọ́ wa rọ. A jókòó. Nígbà náà ni a rántí ohun tí a ti gbàgbé fún ìgbà pípẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1981, àwa náà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ní Ọ̀yọ́, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ilé kan ṣoṣo ló ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa, ojú fèrèsé ni àwa ọmọdé sì máa ń dúró sí láti wò ó. Ní ọjọ́ kan a wo fíìmù àwọn ará Ṣáínà, níbi tí ọkùnrin kan ti fi idà méjì bá odidi agbo ènìyàn jà. Ní ọjọ́ kejì, a yọ àdá méjì tí bàbá wa fi ń ro oko, a pe ọ̀rẹ́ wa kan pé kó wá di ọ̀tá. Àdá ọwọ́ ọ̀tún ni ojú wa ń tẹ̀ lé. Ti ọwọ́ òsì, a kò mọ ibi tó lọ títí ọ̀rẹ́ wa fi ké. Ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ ló gé, ó kù díẹ̀ kó já. Bàbá wa nà wá, ó sì lọ bẹ àwọn òbí ọ̀rẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, tàbí kí a sọ pé a rò pé ó tán.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kò ní ṣàì rí i pé ohun kan náà ni ọmọ wa sọ lẹ́yìn ohun tó lé ní ogójì ọdún: mi ò mọ̀ pé ọ̀bẹ kàn án. Ojú ènìyàn kò lè ṣọ́ ohun ìjà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe òní ni irú àwòrán yìí bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó jẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ni àwòrán ti ń wọ inú ilé wa, tó sì ń jókòó ti àwọn ọmọ wa bí ẹbí. Ní Hong Kong, John Woo gbé fíìmù A Better Tomorrow jáde ní ọdún 1986, níbi tí Chow Yun-fat ti yọ ìbọn ìléwọ́ méjì, tó ń yìn wọ́n pọ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ fíìmù ló ti tẹ̀ lé e. Ti àwọn ọmọdé pàápàá kò gbẹ́yìn. Eré àwọn ìjàpá mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Teenage Mutant Ninja Turtles dé orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987. Nínú àwọn mẹ́rin náà, mẹ́ta ló ń mú ohun ìjà méjì méjì: Leonardo ń mú idà méjì, Raphael ń mú irin ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì, Michelangelo sì ń mú igi tí a fi ẹ̀wọ̀n so pọ̀, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Donatello nìkan ló ń fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá kan ṣoṣo mú. Nígbà tí eré yìí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1990, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà Ninja kúrò nínú orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń gé ibi tí Michelangelo ti ń ju igi ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ kúrò, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọdé yóò fara wé e. Bí àwọn tó ni tẹlifíṣọ̀n bá lè bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, ṣé kò yẹ kí àwa tí a ni ọmọ bẹ̀rù?

Nísinsìnyí eré ogun ti èdè wa náà ti gbòde. Jagun Jagun jáde ní ọdún 2023. Ní ọdún 2024 ni House of Ga'a jáde, tó dá lórí Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́ Ilé, àti Lisabi tó dá lórí akọni àwọn Ẹ̀gbá. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nù. Inú wa dùn pé àwọn ọmọ ń gbọ́ ìtàn wa ní èdè wa. Ohun tí à ń sọ ni pé kí àgbàlagbà jókòó tì wọ́n, kó ṣàlàyé fún wọn bí iṣẹ́ náà ṣe rí.

Ẹ sọ fún wọn pé idà inú eré kì í mú. Igi ni òmíràn, rọ́bà ni òmíràn. Àwọn òṣèré ti fi ara balẹ̀ kọ́ ìjà náà tẹ́lẹ̀ bí ẹgbẹ́ akọrin ṣe ń kọ́ orin: ẹsẹ̀ yìí níbí, ọwọ́ yẹn lọ́hùn-ún. Ẹni tó máa ṣubú mọ ìgbà tí òun máa ṣubú. Ẹ ní kí wọ́n wò ó dáadáa, wọn yóò rí i pé bí ọ̀tá bá tó mẹ́wàá, àwọn yòókù sábà máa ń dúró de àsìkò tiwọn ni, wọn kì í bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọn méjì tí à ń yìn pọ̀ sì ńkọ́? Ojú kò lè bá ẹnu ìbọn méjì wo ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ṣe é lójú ogun gan-an yóò kàn máa fi ọta ṣòfò ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tó jagun ní tòótọ́. Apata ni ọ̀pọ̀ jagunjagun ayé àtijọ́ ń fi ọwọ́ kejì mú, kì í ṣe idà kejì. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ní láti fi ọwọ́ kan kó ìjánu ẹṣin, kí wọ́n fi èkejì mú ọ̀kọ̀. Ní ilẹ̀ Japan, lóòótọ́ ni Miyamoto Musashi, tó kú ní ọdún 1645, dá ẹ̀kọ́ idà méjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n idà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

Kí a tilẹ̀ má lọ jìnnà. Ta ni kò mọ ìtàn Ògúnlọlá ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí? Ọdẹ ni. Ọ̀ràn kan gbé e dé àtìmọ́lé ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìyẹn Ọ̀yọ́ àtijọ́, kó tó di pé Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ ti òní dó. Ní àkókò náà, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ àwọn ará Ọ̀yọ́ lẹ́nu, wọn kò sì rí i ṣe. Ògúnlọlá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kojú rẹ̀. Ó ṣẹ́gun rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ wá síwájú Aláàfin, ó sì gba òmìnira. Ibẹ̀ ni ìlú wa ti gba orúkọ, Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tó di Ògbómọ̀ṣọ́. Lérè Pàímọ́, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ẹ̀dá Onílé Ọlá, fi ìtàn yìí ṣe eré, òun ló sì sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Kí ni Ògúnlọlá fi ṣẹ́gun? Ọrun àti ọfà ni ìtàn sọ. Ọwọ́ kan ni à ń fi di ọrun mú, èkejì là ń fi fa ọṣán. Ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo, ojú kan náà sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Bíbélì náà mọ̀ nípa ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Kíróníkà Kìn-ín-ní orí kejìlá sọ nípa àwọn ará Bẹ́ńjámínì tó wá bá Dáfídì, tí wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì sọ òkò àti ta ọfà. Ẹ̀bùn ni ìyẹn, a kò bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nehemáyà ń mọ odi Jerúsálẹ́mù, tí ọ̀tá yí wọn ká, ọwọ́ kan ni àwọn tó ń ru ẹrù fi mú ohun ìjà, èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi mú idà, ta ni ìbá mọ odi? Pọ́ọ̀lù sì kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ìhámọ́ra tọ̀tún tòsì, ó pè é ní ti òdodo. Ẹ ka ohun tó kọ ṣáájú rẹ̀: sùúrù, inú rere, ìfẹ́ tí kò lẹ́tàn. Ẹni tó bá gbé ìwọ̀nyí wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ṣófo láti gbé ọmọ tó ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n tú okùn egbò náà, a mú àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí Ọ̀yọ́. Àbúrò wa wo àpá tó wà lójú ọmọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọdé ló ń ṣeré. A dúpẹ́ pé ojú kò lọ." Ọmọ wa kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó rán an.

Ìyẹn ló jẹ́ kí a mọ ibi tó kù tí ó yẹ kí a dé. A mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wa ìgbà èwe. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe, ó ń rán tìmùtìmù àti àpò. Ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ nà gbọọrọ, kì í ká títí dòní. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti jọ kí ara wa, tí a jọ rẹ́rìn-ín, tí àwa sì ń mójú kúrò lára ìka náà. Lọ́jọ́ yẹn, a dọ̀bálẹ̀ fún un lójú ọmọ wa. Ó sáré fà wá dìde. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, dìde jàre. Bàbá rẹ bẹ bàbá mi nígbà yẹn. Ìwọ fúnra rẹ ni mo ń retí." Lẹ́yìn náà ó yí sí ọmọ wa, ó gbé awọ kan lé itan, ó ní, "Wò ó, ọwọ́ òsì ni mo fi ń di awọ mú, ọ̀tún ni mo fi ń gún un. Bí ọ̀kan kò bá ran èkejì lọ́wọ́, ebi ni yóò pa wá."

Láti ìgbà náà, a ti ṣe òfin mẹ́ta sí ilé wa. Èkíní, eré ogun kò ní jẹ́ ohun tí ọmọdé ń dá wò. Èkejì, ọ̀bẹ àti àdá ní ibi tí à ń tọ́jú wọn sí, kì í ṣe orí tábìlì. Ẹ̀kẹta, tó kan àwa òbí jù: bí a bá máa bá ọmọ wí, a kì yóò fi ìbínú mú pàṣán lọ́wọ́ kan kí a sì fi èébú ṣe èkejì. A ó kọ́kọ́ jókòó. Lóòótọ́, èyí ló nira fún wa jù, ìyàwó wa sì ṣì máa ń rán wa létí.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, kí Olúwa bá wa pa ojú àti ìka àwọn ọmọ wa mọ́. Kí ó gba ohun tí kò yẹ kúrò lọ́wọ́ wa, kí ọwọ́ wa lè ráyè gbé wọn. Àmín.