Wáyà Tí Ó Tín-ín-rín Jù Lọ

Ní Fìdítì tí a gbé bí mi, tọmọdé tàgbà ni ó mọ wáyà iná. Orí òpó ni ó ń gbà kọjá. Bí ó bá já, òkùnkùn ṣú bo àdúgbò nìyẹn. Àbúrò mi tí ó ń kọ́ físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó bi mí léèrè pé, báwo ni wáyà ti lè tín-ín-rín tó kí iná tó kọ̀ láti gbà á kọjá? Èdè ni èmi ń kọ́ ní Yunifásítì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ti máa ń sọ pé Yorùbá kò lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wádìí rẹ̀, mo sì dá ọmọ náà lóhùn báyìí.

Átọ́ọ̀mù ni a fi kọ́ ohun gbogbo, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Àìmọye wọn ni ó tò sí ìbú wáyà bàbà. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń gbé iná bá pàdé ìdíwọ́, a yà bàrá gba ibòmíràn, bí awakọ̀ ti í ṣe nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá dábùú ọ̀nà láàrin Fìdítì àti Ìlọrà.

Ṣùgbọ́n silicon ńkọ́, èyí tí a ń yọ láti inú yanrìn? Kì í gba iná bíi bàbà, kì í sì í dí i pátápátá bíi gíláàsì. Bí a bá gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ a di àtẹ̀gùn wẹ́wẹ́. Bí a bá wá fọ́n wúrà díẹ̀ sí i nínú ooru, níbi tí a ti fa afẹ́fẹ́ kúrò, átọ́ọ̀mù wúrà a tò tẹ̀lé àtẹ̀gùn náà bí ẹ̀gẹ́ tí a gbìn tẹ̀lé poro. Ìyẹn náà wáyà ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a lè yà sí. Bí átọ́ọ̀mù kan péré bá sọnù, ọ̀nà dí.

Òtútù pẹ̀lú ń bá a jà. Bàbà a máa gba iná dáadáa sí i bí ó bá tutù. Ṣùgbọ́n Rudolf Peierls ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1955 pé átọ́ọ̀mù tí ó tò ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo a máa fà mọ́ra ní méjì méjì nínú òtútù, iná a sì dí. Ní 1999, àwọn olùwádìí rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ lára wáyà indium tí ó wà lójú silicon, nígbà tí ó tutù tó nǹkan bí 150 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius.

Síbẹ̀, ọ̀nà kò tán. Ní 2012, Michelle Simmons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà fi phosphorus ṣe wáyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ átọ́ọ̀mù mẹ́rin, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Wọ́n fi silicon bò ó mọ́lẹ̀, iná sì gbà á kọjá gẹ́gẹ́ bí òfin Ohm ti wí.

Ẹ ò rí i pé orúkọ nìkan ni mo yá? Yíyà bàrá, dídábùú ọ̀nà àti títò tẹ̀lé poro ti wà lẹ́nu àgbẹ̀ Ìlọrà tipẹ́tipẹ́. Ọmọ tí ó há ìwé Gẹ̀ẹ́sì sórí lè yege nínú ìdánwò. Èyí tí ó bá yé ní èdè ìyá rẹ̀ ni yóò lè béèrè ìbéèrè mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ físíìsì, ọwọ́ yín ni ó kù sí: ẹ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé.